Ta Ni Yóò San Ìṣákọ́lẹ̀ Lórí Orin Mi?

ÌBÉÈRÈ

 

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mí, Ìbàdàn ni mo ń gbé, jùjú ni mò ń kọ. Àwa mẹ́fà la wà nínú ẹgbẹ́: onígìtá méjì, onígángan, ẹni tó ń tẹ dùrù, ẹni tó ń lu kóńgà, àti èmi olórin. Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí a ti ń lọ òde ìkómọ, ìsìnkú àti ìgbéyàwó. Ó ń mú oúnjẹ wá, àmọ́ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ẹnì kan fi fóònù ya fídíò orin kan tí mo fi ń kí àwọn ìyá ọlọ́jà ní òde ìsìnkú kan ní Mọ́níyà. Fídíò náà rìn jìnnà. Láti ìgbà náà ni bọ̀dá kan ti ń ti Èkó wá bá mi. Ó ní òun yóò san owó sítúdíò fún àwo tó ní orin mẹ́wàá, òun yóò ya fídíò méjì, òun yóò sì gbé e dé rédíò. Ó mú ìwé àdéhùn olójú-ewé mẹ́rin dání. Ohun tí ìwé náà sọ ni pé òun ló ni gbogbo orin tí a bá gbà sílẹ̀ títí ayé. Òun ni yóò máa mú 80 nínú 100 owó tó bá wọlé. N kò gbọdọ̀ gba orin sílẹ̀ fún ẹlòmíràn fún ọdún márùn-ún. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa mú ìdá kan nínú mẹ́ta owó òde wa.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí n má fọwọ́ sí i. Ó ní kí a ta púlọ́ọ̀tì kan tí màmá wa ní sí Apẹ̀tẹ́, kí n fi owó rẹ̀ ṣe àwo náà fúnra mi. Àbúrò màmá mi ní irọ́ ni, pé kò sí eléré tó gòkè rí láìní onígbọ̀wọ́. Èmi fúnra mi ti tọ́jú 750,000 náírà. Onígángan mi náà ti ń bi mí pé bí àwo bá jáde, kí ni tòun níbẹ̀. Èwo ni kí n ṣe? Mo fẹ́ kí orin jẹ́ iṣẹ́ tí n óò ṣe dọjọ́ ogbó.

Ọmọbìnrin Eléré, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, o kú làálàá. Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì rẹ́rìn-ín níbi tí o ti ní òde ń mú oúnjẹ wá, àmọ́ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ olórin tí o ń rí fọ́tò wọn lẹ́yìn bọ́ọ̀sì ni kò lè fọwọ́ sọ̀yà sọ ìdajì ọ̀rọ̀ yẹn.

Má tíì fọwọ́ sí ìwé náà. Má sì jẹ́ kí wọ́n ta ilẹ̀ màmá rẹ. Ìdáhùn mi nìyẹn ní kúkúrú. Ó wá kù kí n sọ ìdí rẹ̀ àti ohun tí o lè ṣe dípò rẹ̀, nítorí èèwọ̀ nìkan kì í gbé ènìyàn dé ibi kankan.

Nígbà tí o ti dárúkọ ilẹ̀, ilẹ̀ náà ni n óò fi bẹ̀rẹ̀. Bi àwọn àgbà ilé yín léèrè ohun tó ń jẹ́ ìṣákọ́lẹ̀. Àlejò dé, ó ní òun fẹ́ dáko. Onílẹ̀ fi ibì kan hàn án. Àlejò ń ṣán, ó ń gbin, ó ń tà, àmọ́ lọ́dọọdún yóò gbé nǹkan wá sílé onílẹ̀, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé òun kò gbàgbé ẹni tó ni ilẹ̀. Kókó àlejò lè so títí kí ó fi ra mọ́tò, ilẹ̀ kò tìtorí ẹ̀ di tirẹ̀. Orin tí a gbà sílẹ̀ náà, ilẹ̀ ni. Ohun tí ìwé olójú-ewé mẹ́rin yẹn ṣe ni pé ó sọ àlejò di onílẹ̀, ó wá sọ ìwọ tó bí orin di ẹni tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀, tí wọ́n ń bu 20 fún nínú 100.

Ilẹ̀ méjì ló sì wà nínú orin kan ṣoṣo. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ eléré ti ń ṣubú. Èkíní ni orin fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ àti ohùn tí o fi ń kọ ọ́, ẹnikẹ́ni tí ì báà kọ ọ́. Èkejì ni ohun tí ẹ̀rọ gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ kan pàtó ní sítúdíò, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní másítà. Bí olórin mìíràn bá tún orin rẹ kọ lọ́la, ilẹ̀ èkíní ló tẹ̀. Bí ẹnì kan bá mú ohùn rẹ gan-an sínú ìpolówó ọṣẹ, ó tẹ méjèèjì. Òfin Nàìjíríà tó wà lójú iṣẹ́ báyìí, Copyright Act ti 2022, ní ilẹ̀ èkíní jẹ́ tìrẹ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ, àti fún 70 ọdún lẹ́yìn tí o bá kú. Ti èkejì jẹ́ 50 ọdún láti ìgbà tí àwo bá ti jáde. Ọmọ 27 ni ọ́. Bí Ọlọ́run bá fún ọ ní ẹ̀mí gígùn, orin ìyá ọlọ́jà yẹn yóò ṣì jẹ́ ohun-ìní ìdílé rẹ nígbà tí irun bá ti ń funfun lórí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ. Ohun tí bọ̀dá Èkó fẹ́ fi owó sítúdíò oṣù kan rà nìyẹn. Òfin kan náà tún ní kò sẹ́ni tó lè gba irú ohun-ìní bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ lọ́rọ̀ ẹnu lásán, àfi nínú ìwé. Ìdí nìyẹn tó fi mú bírò dání.

N kò pè é ní olè o. Ẹni tó bá kó owó lé eléré tí rédíò kò tíì mọ̀, ó lè má rí i gbà padà, ó sì tọ́ kí ó béèrè èrè. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ó wá ṣe àlejò. Sọ fún un pé o kò tà, àmọ́ o lè jẹ́ kí ó dáko. Orin mẹ́ta ni kí ẹ jọ ṣe, kí ẹ fi mẹ́wàá sílẹ̀. Kí orin náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ohun gbogbo sì padà sọ́dọ̀ rẹ lẹ́yìn rẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ yọ owó tó ná, ìyẹn owó tí rísíìtì rẹ̀ wà (owó epo mọ́tò rẹ̀ láti Èkó kò sí níbẹ̀), lẹ́yìn náà kí ẹ máa pín in lọ́gbọọgba. Kí ó máa fi ìṣirò hàn ọ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kí o sì ní àṣẹ láti mú ẹni tó mọ ìṣirò wá yẹ ìwé rẹ̀ wò. Owó òde yín, kí ó yọwọ́ níbẹ̀, àyàfi òde tí òun fúnra rẹ̀ bá bá yín wá.

Nínú gbogbo ohun tí ìwé náà sọ, èyí tó bà mí lẹ́rù jù kì í tilẹ̀ ṣe ti 80 nínú 100. Ti ọdún márùn-ún yẹn ni. Ó dè ọ́ pé o kò gbọdọ̀ gba orin sílẹ̀ níbòmíràn, àmọ́ ǹjẹ́ o rí ibì kankan níbẹ̀ tó ti de òun náà pé àwo gbọdọ̀ jáde kí oṣù báyìí tó pé? Bí kò bá sí, ó lè gba orin mẹ́wàá, kí ó jù ú sínú dúrọ́ọ̀, kí ó máa lé ẹlòmíràn kiri, kí ìwọ sì máa wò bí ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́. Mo ti rí i tó ṣẹlẹ̀ sí ohùn tó dára ju ti gbogbo wa lọ. Kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé bí àwo kò bá jáde láàárín oṣù mẹ́fà, àdéhùn tú. Kí o tó fọwọ́ sí ohunkóhun, mú ìwé náà lọ bá lọ́yà tìrẹ. Lọ́yà tí ọkùnrin náà bá bá ọ wá, lọ́yà tirẹ̀ ni, bó ti wù kí ó máa pè ọ́ ní àbúrò tó.

Èmi náà ti ki ọwọ́ bọ irú omi gbígbóná yìí rí. Nígbà kásẹ́ẹ̀tì, mo tẹ dùrù sí àwo kan fún ilé iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ, mo sì kọ méjì nínú àwọn orin rẹ̀. Owó ọkọ̀ àti ìlérí ni wọ́n fún mi. Àwo náà tà. Mo mọ̀ pé ó tà nítorí pé n kì í lè kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù àwọn oníkásẹ́ẹ̀tì kí n má gbọ́ dùrù ara mi. Nígbà tí mo padà lọ béèrè tèmi, akọ̀wé wọn, ọmọ jẹ́jẹ́ kan, bi mí pé, "Ìwé yín dà, sà?" N kò ní ìwé. Ilé iṣẹ́ náà ti kógbá sílé tipẹ́. Títí di òní, n kò mọ ẹni tí téèpù náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àbúrò màmá rẹ wá ń kọ́? Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó dá gòkè. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má sọ fún ọ pé àwọn ọmọ íntánẹ́ẹ̀tì ló dá òmìnira eléré sílẹ̀. Ní 1969, Haruna Ìṣọ̀lá alápàlà àti I.K. Dáíró oníjùjú jọ dá Star Records sílẹ̀, kí eléré lè ní ilé iṣẹ́ tirẹ̀. Haruna tilẹ̀ lọ ní sítúdíò sí Ìjẹ̀bú-Igbó nígbà tó yá. Ní 1974, Sunny Adé àti ilé iṣẹ́ tó ń gbé àwo rẹ̀ jáde tú ká, ọ̀rọ̀ náà dé kóòtù, òun náà sì dá Sunny Alade Records sílẹ̀. Ní ayé tiwa yìí, Beautiful Nubia ń fi ilé iṣẹ́ tirẹ̀, EniObanke, gbé orin jáde fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Wo ohun kan tó so Haruna, Dáíró àti Sunny pọ̀: kò sí ìkankan nínú wọn tó fi ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti ní ènìyàn tó ń fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wá gbọ́ wọn kí wọ́n tó ní ilé iṣẹ́. Òde ló kọ́kọ́ bọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìwọ náà, òde ń bọ́ ọ. Oúnjẹ tí o fojú di yẹn ni kò jẹ́ kí o ní láti fi ìkánjú fọwọ́ sí ìwé ẹnikẹ́ni.

Ó yá, 750,000 náírà. Kò lè ṣe àwo tó ní orin mẹ́wàá, má sì tiraka. Bí orin mẹ́wàá bá jáde lọ́jọ́ kan náà, ọ̀kan ni àwọn ènìyàn yóò gbọ́, mẹ́sàn-án yóò sùn lọ. Gba orin méjì: orin ìyá ọlọ́jà yẹn, nítorí pé àwọn kan ti ń wá a kiri, àti èyí tó sún mọ́ ọn jù. Ná ìdajì owó náà sí gbígbà á àti síṣe àtúntò rẹ̀. Fi ìdá kan nínú mẹ́rin ṣe fọ́tò àti fídíò tó rọrùn. Má fọwọ́ kan ìyókù títí orin yóò fi jáde, nítorí ẹ̀yìn tí ó bá jáde ni owó máa ń tán lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, ẹ̀yìn tí ó bá jáde náà ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Owó òde oṣù díẹ̀ ni yóò gba orin kẹta. Ilẹ̀ Apẹ̀tẹ́ kò mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí rárá.

Bí o bá ń wá sítúdíò, má wo bí ògiri rẹ̀ ṣe ń dán. Jókòó sínú yàrá tí wọ́n ti ń gbohùn, kí o pa ẹnu mọ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Kí lo gbọ́? Bí o bá gbọ́ jẹnẹrétọ̀, tàbí ẹni tó ń polówó búrẹ́dì lóde, màíkì náà yóò gbọ́ ọ. Wá ibi tí wọ́n ti ń lo ínfátà. Kí àwọn ọmọ rẹ lù pọ̀ nínú yàrá kan, kí wọ́n máa rí ojú ara wọn, kí ìwọ wá kọ tìrẹ lé e lórí lẹ́yìn náà. Ẹnjiníà òde òní yóò fẹ́ fi aago kọ̀ǹpútà sí yín létí kí ìlù má baà sáré. Ó dára fún àwọn orin mìíràn, àmọ́ jùjú máa ń mí. Bí gángan bá fẹ́ sọ̀rọ̀, a fà sẹ́yìn díẹ̀, gìtá a sì dúró dè é, ibẹ̀ ni adùn rẹ̀ wà. Ẹ lù ú láìsí aago, ẹ gbà á lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kí ẹ mú èyí tí ara yín gbà jù. Bó bá jẹ́ àsìkò òjò, kí onígángan tètè dé. Awọ ti rọ̀, ohùn rẹ̀ yóò ti wálẹ̀. Kí ó sá a, kí ó fa ọsán rẹ̀ le kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka wákàtí sí yín lọ́rùn.

Kí o tó san owó ìkẹyìn, gba gbogbo rẹ̀ ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: gìtá lọ́tọ̀, gángan lọ́tọ̀, ohùn rẹ lọ́tọ̀, ní WAV olóbíìtì 24. MP3 orí WhatsApp kì í ṣe másítà. Gba ẹ̀dà kan tí kò ní ohùn ẹnu nínú pẹ̀lú. Àwọn tó ń ṣe fíìmù lè béèrè rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Kó wọn sínú dísìkì méjì, kí ọ̀kan wà nílé rẹ, kí èkejì wà nílé ẹni tí kò bá ọ gbé àdúgbò kan náà.

Mo dúpẹ́ pé onígángan rẹ béèrè ìbéèrè rẹ̀ nísinsìnyí tí orin kò tíì pa kọ́bọ̀. Ìbéèrè yẹn, bí ẹ bá fi sílẹ̀ dìgbà tí owó dé, ó ń tú ẹgbẹ́ ká. Ẹ jókòó kí ẹ tó wọ sítúdíò, láìsí ẹnjiníà, láìsí bọ̀dá Èkó. Ta ló kọ orin? Nínú jùjú, ìdáhùn kì í sábà jẹ́ ẹnì kan. Bí o bá mú ọ̀rọ̀ àti ohùn rẹ̀ wá, tí àwọn yòókù sì tẹ̀lé ọ, tìrẹ ni. San owó iṣẹ́ wọn fún wọn, owó tó nítumọ̀, kí wọ́n fọwọ́ sí i pé àwọn gbà á, pé wọ́n sì yọ̀ǹda kí a gbé eré wọn jáde, nítorí òfin fún ẹni tó lùlù náà ní ẹ̀tọ́ lórí eré tó ṣe. Àmọ́ mo wo fídíò tí o ní ó rìn yẹn. Àbúrò mi, ohun tí àwọn ènìyàn ń tún sọ kiri kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ nìkan. Gbólóhùn tí gángan sọ, tí àwọn ìyá wọ̀nyẹn fi pariwo, ta ló rò ó? Bó bá jẹ́ onígángan ló rò ó, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú orin náà, kì í ṣe ọwọ́ alágbàṣe. Fún un ní ìpín. Iye rẹ̀ kù sọ́wọ́ yín; 15, 20, ẹ jọ sọ ọ́ kí ojú má tì yín. Kọ orúkọ oníkálukú, ohun tó ṣe, ìdá tirẹ̀ kí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 100, ọjọ́, kí gbogbo yín fọwọ́ sí i. Ojú-ewé kan tó. Fi nọ́ńbà fóònù sí i. Ènìyàn máa ń kó lọ Kánádà láìdágbére. Fi ẹnjiníà sí i bó bá jẹ́ pé ó bá yín to orin. Bó bá jẹ́ pé bọ́tìnnì ló tẹ̀, owó rẹ̀ ni kí o san fún un.

Ohun kan wà tí lẹ́tà rẹ kò mẹ́nu bà, mo sì mọ̀ pé yóò délẹ̀: àwọn olówó tí yóò fẹ́ kí o dárúkọ wọn sínú àwo. Àwọn kan ń fojú kéré rẹ̀, wọ́n ní ìtọrọ ni. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Kíkì ènìyàn sínú àwo ti pẹ́ nínú jùjú àti fújì, owó àwọn tí wọ́n ń kì sì ti san owó sítúdíò fún ọ̀pọ̀ àwo tí a ń pè ní àgbà lónìí. Onígbọ̀wọ́ tí kì í gba másítà ni wọ́n! Àmọ́ ya orin wọn sọ́tọ̀ kúrò lára orin tìrẹ. Bí alhaja kan bá fẹ́ orin ọjọ́ ìbí, dá a lóhùn bí ẹni tí télọ̀ ń wọn aṣọ fún: iye báyìí, ìdajì ṣáájú, a ó gbà á, a ó fún yín ní ẹ̀dà tí ẹ óò fi ṣeré ní òde yín. Owó yẹn ni kí o fi gba orin tìrẹ. Má kó orúkọ ogún ènìyàn sínú orin ìyá ọlọ́jà. Ẹni tó wà ní Àkúrẹ́ kò mọ wọn, ó sì lè ṣẹlẹ̀ pé ẹni tí o kì lónìí, EFCC ń wá a lọ́dún mẹ́ta sí i, orúkọ rẹ̀ a sì máa dún nínú àwo rẹ títí láé.

Bákan náà ni orin olórin. Ní òde, o lè ti inú orin tìrẹ bọ́ sínú ti Ebenezer Obey, kí o tún padà. Gbogbo wa la ń ṣe é. Nínú àwo, ilẹ̀ ẹlòmíràn ni o wọ̀ yẹn. Gba àṣẹ, tàbí kí o yọ ọ́.

Gbígbé orin jáde kò le mọ́. DistroKid, TuneCore àti CD Baby, ẹnikẹ́ni lè gba ibẹ̀ dé Spotify, Apple Music, Audiomack àti Boomplay. Àwọn kan ń gba owó lọ́dọọdún, CD Baby ń yọ 9 nínú 100 owó tó bá wọlé. Kí o tó yan ọ̀kan, béèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí orin rẹ lọ́dún tí o kò bá rí owó san. Wọn yóò fún orin kọ̀ọ̀kan ní ISRC, àmì tó ní lẹ́tà àti nọ́ńbà méjìlá, tó dà bí nọ́ńbà mọ́tò. Kọ ọ́ sínú ìwé tìrẹ. Fi orin ránṣẹ́ ní oṣù kan ṣáájú ọjọ́ tí yóò jáde, kí o lè ráyè gbé e síwájú àwọn tó ń to orin jọ ní Spotify, nítorí wọ́n ní kí ó tó ọjọ́ méje ṣáájú, ó kéré tán.

Má retí pé owó yóò ti ibẹ̀ ya wọlé. Spotify dé Nàìjíríà ní 2021, láti 2024 ni wọn kì í sì í san nǹkan kan lórí orin tí wọn kò gbọ́ tó 1,000 ìgbà láàárín oṣù méjìlá. Wọn kò ní iye kan pàtó fún ìgbọ́ kọ̀ọ̀kan. Àpò kan ni wọ́n ń pín, àpò orílẹ̀-èdè tí ènìyàn ti ń san owó díẹ̀ kò sì lè kún bí ti ibi tí wọ́n ti ń san púpọ̀. Ìyẹn ni pé ọmọ Yorùbá kan tó ń gbọ́ ọ ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Houston ní Amẹ́ríkà ń mú owó wá ju ẹni tó wà ní Dùgbẹ̀ lọ. Má torí ẹ̀ kọ Dùgbẹ̀ sílẹ̀. Dùgbẹ̀ ni yóò sọ fún Peckham. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun yóò ta ìgbọ́ 100,000 fún ọ, sá fún un. Ẹ̀rọ ló ń gbọ́ ọ, bí wọ́n bá sì mọ̀, wọn yóò yọ orin náà kúrò. Ní YouTube, kí o tó máa rí owó ìpolówó, ọ̀nà tó wọ́pọ̀ ni kí o ní 1,000 alábàápín àti 4,000 wákàtí tí wọ́n ti wò ọ́ láàárín ọdún kan. Bí ẹlòmíràn bá gbé fídíò òde rẹ síbẹ̀ tí másítà rẹ ń dún nínú rẹ̀, ilé iṣẹ́ tó gbé orin jáde fún ọ lè bá ọ gba owó rẹ̀.

Lọ forúkọ sílẹ̀ ní MCSN, ẹgbẹ́ tí Nigerian Copyright Commission fún ní ìwé àṣẹ ní 2017 láti máa gba owó fún àwọn tó ni orin. Rédíò, hòtẹ́ẹ̀lì àti àwọn tó ń lu orin fún èrò ló yẹ kí wọ́n san owó náà. Ó lè pẹ́ kí o tó rí nǹkan, àmọ́ ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí níwèé kò lè rí i rárá.

Ó ku òde, èyí tí n kò fẹ́ kí o fi sílẹ̀ nítorí àwo. Sọ iye rẹ, gba ìdajì ṣáájú, kọ ọ́ sílẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ lórí WhatsApp. Má fi owó tí wọn yóò ná fún yín lójú agbo ṣe ìṣirò. Òfin báńkì àpapọ̀ ti 2007, abala 21, ka fífọ́n náírà àti títẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà ni, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní 50,000 náírà, tàbí méjèèjì. Wọ́n sì ti ń mú ènìyàn báyìí. Kọ nọ́ńbà àkáǹtì ẹgbẹ́ gàdàgbà síwájú dùrù, kí ẹni tí inú rẹ̀ bá dùn fi fóònù ná an. Àkáǹtì ẹgbẹ́, mo tún un sọ, kì í ṣe tìrẹ. Forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní CAC kí báńkì lè ṣí i fún yín.

Pe bọ̀dá Èkó ní ọ̀sẹ̀ yìí, má jẹ́ kí ó máa dúró. Fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ohun tí o lè gbà fún un. Bó bá gbà, ẹ lọ síwájú. Bó bá bínú, kí i, kí o dúpẹ́ owó epo. Kí onígángan tètè dé sítúdíò. Bí orin méjèèjì bá sì ti parí, fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi kí n gbọ́, WAV o, má fi MP3 bà mí nínú jẹ́.